Eyínfúnjowó Nínú Ìwé Ilé-Ìrònú

                                        Ilé Jagun,
                                        Ìsàlẹ̀ Ọjà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn,
                                        Lọ́nà Èjìgbò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Mùtmàínà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi tí ìyá mi kò bí,

O kú àfẹ́kù ojú mi. O kú iṣẹ́, o kú àìsinmi, o kú ìtọ́jú ilé àti ìsọ̀. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Hamid ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń sọ Faransé bí ẹni ń kọrin? Ọjà Ajamé ńkọ́, ṣé aṣọ ń tà? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Múrítàlá ọkọ mi ń kí ọ. Tàófíìkì ti wọ ilé-ìwé gíga ní Ọ̀ṣogbo, gíga rẹ̀ sì ti ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ti ń yọjú, ètè gbogbo wa ti ń là. Faransé tí mo kọ́ ní ọdún méjì tí mo lò lọ́dọ̀ yín ti ṣá pátápátá. Bójúù àti mẹsí nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Wàlíyátù ò fi pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti fóònù. Tí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, ẹkún ni màá máa sun títí káàdì á fi tán, mi ò sì ní tíì débi tó dùn mí. Sìdíkàt, ọmọ àbúrò mi, ń bá bọ́ọ̀sì Àbíjàn bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Òun ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí wá.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí Ooreolúwa. Bẹ́ẹ̀ ni, Ooreolúwa tiwa náà, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan fún ọdún mẹ́fà ní Èjìgbò, tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà nínú ewé kan. Ó dalẹ̀ mi. Mo ti wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí mo lè pè é, mi ò rí. Ọ̀rẹ́ wa dalẹ̀ mi, ó sì fi ọwọ́ mi dalẹ̀ ẹlòmíràn.

O mọ̀ pé ó ti di èèyàn ńlá ní Àbújá. Àjọ tó ń bá ṣiṣẹ́, Ilé-Ìrònú ló máa ń pè é tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n lọ káàkiri, kí wọ́n bi aráàlú léèrè bí ìjọba ṣe ń ṣe sí wọn, kí wọ́n jókòó rò ó, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rò sínú ìwé fún àwọn tó ń ṣòfin. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, orí mi wú. Mo ní ìlú tó ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbò yan olórí nílò irú èèyàn bẹ́ẹ̀, nítorí àwa tí nǹkan ń dùn kò lẹ́nu tí yóò dé Àbújá. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé ọ̀rẹ́ mi ni.

Oṣù kẹta ọdún yìí ló wá sọ́dọ̀ wa. Mọ́tò funfun ńlá ni wọ́n gbé wá, òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n so káàdì mọ́ ọrùn. Wọ́n jókòó sábẹ́ páànù ibi tí àwọn obìnrin wa ti ń yan gàrí, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ìbò káńsẹ́lọ̀ tó kọjá lọ dáadáa? Gbogbo obìnrin ní ó lọ dáadáa. Ṣé ẹ mọ káńsẹ́lọ̀ yín? A mọ̀ ọ́n, ọmọ dáadáa ni. Ta ni ì bá sọ òótọ́ níbẹ̀? Alága ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa, tí mi ò ní dárúkọ, ló bá wọn wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ sì wà lápò rẹ̀. Èèyàn kì í jókòó sínú ilé ẹni kó máa bú onílé.

Nígbà tí wọ́n parí, Ooreolúwa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Wàlí, ìwọ lo wà nílé. Bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí kò bá sí àlejò, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Fún wọn ní orúkọ mìíràn." Mo bi í pé ṣé orúkọ wọn ò ní jáde lóòótọ́. Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, bí a ti máa ń ṣe nílé-ìwé nígbà tí a bá fẹ́ bo ara wa láṣìírí lọ́dọ̀ tíṣà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà.

O rántí àbúrò bàbá ọkọ mi, ìyá pupa tí wọ́n fún ọ ní ẹ̀kọ tí o sọ pé o ò jẹ irú rẹ̀ rí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. O mọ orúkọ wọn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wọ ilé Jagun, ẹnu mi ò pè é rí. Ìyàwó ilé wo ló ń pe irú àgbà ọkọ bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Ọmọ ilé ni wọ́n. Ọkọ tiwọn kú, wọ́n padà sílé bàbá wọn, wọ́n sì di ọkọ fún gbogbo àwa tí wọ́n gbé wá. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí eyín wọn, mo sì sọ wọ́n ní Eyínfúnjowó. Àwọn ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi bá mi pè é, àwọn ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu wa, kò pẹ́ tí gbogbo Ifẹ̀-Ọ̀dàn fi mọ̀ ọ́n. Àwọn náà, "aya mi" ni wọ́n ń pè mí. Ọwọ́ wọn ni mo bí Tàófíìkì sí. Ogójì ọjọ́ gbáko ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan omi tútù.

Àwọn ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Ooreolúwa lọ, àwa méjì jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ sì kan ìbò yẹn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dìbò kankan. Alága wọ́ọ̀dù ló jókòó nílé rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó wù ú, ó wá gbé ìwé náà lé àwọn lọ́wọ́ pé kí àwọn gbé e kiri ojúlé àwọn obìnrin kí wọ́n tẹ̀ka sí i, pé tí ìka bá ti pé, ẹ̀rọ á dé. Eyínfúnjowó gbé e kiri. Ìka pé. Ẹ̀rọ dé. Wọ́n wá ní, "Aya mi, gàrí ibẹ̀ yẹn, kì í dùn lẹ́nu mi mọ́."

Mo sọ fún wọn nípa Ilé-Ìrònú àti ọ̀rẹ́ mi, mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo sì ní orúkọ wọn ò ní jáde. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Tí ìwọ bá ti ní kò ní jáde, a jẹ́ pé kò ní jáde nìyẹn. Kọ ọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́."

Ìgbà tí mo jókòó láti kọ ọ́ ni mo ṣe àṣìṣe tí ìyàwó ilé nìkan lè ṣe. Ooreolúwa ní kí n má kọ orúkọ wọn, kí n fún wọn ní orúkọ mìíràn. Mùtmàínà, orúkọ mìíràn wo ni mo ní ju èyí tí mo fún wọn lọ́jọ́ tí mo wọlé? Ọwọ́ mi kọ Eyínfúnjowó kí ọkàn mi tó rò ó. Bàbá tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe náà, mo kọ Agùntáṣọọ́lò, orúkọ tí àwa ìyàwó ń pè wọ́n. Mo gbà nínú ọkàn mi pé mo ti fi gbogbo wọn pamọ́, mo sì fi ìwé náà ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń kọ ìṣirò sójú pátákó ní kíláàsì, orúkọ wọ̀nyẹn ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀, mo jáde sábẹ́ máńgòrò, mo pe Ooreolúwa. Mo ní jọ̀wọ́, orúkọ wọ̀nyẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n, pa wọ́n rẹ́, fi nọ́ńbà dípò wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wàlí, ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́ bí ìgbà tí tíṣà bá mú ẹgba. Nọ́ńbà náà la máa ń lò. Fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi ò balẹ̀, mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù kó má baà gbàgbé. Ó fi àwòrán ọwọ́ tó na àtàǹpàkò sókè dá mi lóhùn. Ó ṣì wà nínú fóònù mi títí di àárọ̀ yìí. Mo máa ń ṣí i wò.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n kó ìwé náà jáde, nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ọ̀ṣogbo. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni nínú wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ sílé-ìwé, mo ní kí n yà kí wọn níbi gàrí. Rédíò wà lára òpó, bó ti máa ń wà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá nínú ètò àárọ̀ rẹ̀. Ó ní obìnrin kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí wọ́n ń pè ní Eyínfúnjowó, olórí àwọn tó ń yan gàrí. Àwọn obìnrin hó, wọ́n rò pé ẹnì kan ló ń kí wọn lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin náà wá ka ìyókù: ìwé, ojúlé, ìka, ẹ̀rọ. Gàrí jóná nínú agbada kan, kò sẹ́ni tó yí i. Eyínfúnjowó ò gbójú sókè. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi lọ́rùn, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè lọ.

Kí oòrùn tó kanrí, alága wọ́ọ̀dù ti pààrọ̀ àgádágodo. Ó ní ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú ohun tí òun fi ẹnu òun wá. Obìnrin mẹ́rìnlélógún ni ibẹ̀ ń bọ́. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ lọ̀ ní Èjìgbò báyìí, èyí tó bá sì pẹ́ lọ́nà á kan. Alága ni kí wọ́n bínú sí, àbí? Rárá. Eyínfúnjowó ni wọ́n bínú sí. Wọ́n ní ìyá yìí ta àwọn fún àjèjì. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Mo pe Ooreolúwa títí ọwọ́ mi fi ro kó tó gbé e. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní ọ̀gá wọn àti òyìnbó tó ń ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà rí àwọn orúkọ yẹn, wọ́n dùn mọ́ wọn, wọ́n ní àwọn orúkọ náà ló fún ìwé náà ní ẹ̀mí, pé ẹni tí wọ́n bá pè ní nọ́ńbà keje kò lè wọ ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Mo ní ìbúra tí o ṣe fún mi ńkọ́? Ó ní ṣebí eré ọmọdé ni. Ó ní ìwé náà ti ń ṣiṣẹ́, pé àwọn aṣòfin ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀, pé tí ìjọba tiwa-n-tiwa bá máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di dandan kí ó ni àwọn kan lára díẹ̀. Mo ní àwọn wo? Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Ìwọ kúkú lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́. Má sì bẹ̀rù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, a fi orúkọ tìrẹ pamọ́ dáadáa."

Òótọ́ ló sọ. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì wo ojú ewé tí wọ́n ti dúpẹ́. Orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Orúkọ awakọ̀ wọn wà níbẹ̀. Èmi, "olùrànlọ́wọ́ kan ní àdúgbò" ni wọ́n pè mí.

Mi ò sọ pé irú iṣẹ́ yẹn ò dára o. Mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni òótọ́, ó sì yẹ kí àwọn tó wà lókè gbọ́ ọ. Orílẹ̀-èdè tó bá ń yí padà nílò ẹni tí yóò ronú fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n ronú nípa ìjọba, wọ́n ronú nípa òfin, wọ́n ronú nípa àwọn tí yóò ka ìwé náà, wọn ò ronú nípa ìyá tó máa jí lọ́jọ́ kejì sáàárín àwọn tó sọ̀rọ̀ wọn. Ṣé ó nira kí wọ́n gbé ìwé náà wá sábẹ́ páànù wa, kí wọ́n kà á fún wa lédè wa, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́? À bá ti sọ fún wọn pé ẹ yọ eléyìí. Wọ́n sọ̀kò sọ́jà láti Àbújá, ará ilé mi ló bà. Wọ́n sì ń pe ara wọn ní onírònú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bàbá Adéwọ̀yìn, mọ́gàjí ilé wa, pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n kà lórí rédíò yẹn, orúkọ ìyàwó ni, ẹnu ìyàwó ló ti jáde. Gbogbo ojú yí sí Àmírà, ìyàwó Oyèdèjì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, nítorí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Mo fi Ọlọ́run búra, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti ń gbé ẹsẹ̀ mi nílẹ̀. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn sọ ọ́ fún àwọn tó gbé mọ́tò funfun wá, orúkọ tó sì wu àwọn ni àwọn ní kí wọ́n kọ. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Bàbá Adéwọ̀yìn mirí, wọ́n ní ó dáa, kí àwọn obìnrin yan olórí mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dákẹ́, Mùtmàínà. Mo jókòó síbẹ̀, mo dákẹ́, mo jẹ́ kí ìyá tó wẹ ọmọ mi ru ẹrù mi. Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Èmi náà wà nínú ẹ̀.

Àárọ̀ àná ni mo lọ bá wọn lẹ́yìn ilé. Agbada kan ṣoṣo, iná kan ṣoṣo, àwọn nìkan. Mo kúnlẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìpè tí mo pè, nọ́ńbà tí mo bẹ̀ ẹ́ fún, àtàǹpàkò tó nà sókè. Mo na fóònù sí wọn kí wọ́n rí i. Wọn ò wò ó. Wọ́n ń yí gàrí wọn lọ. Wọ́n ní, "O ní orúkọ mi ò ní jáde. Èmi náà wá ní tìrẹ ò ní jáde. Ẹnì kan nínú àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ lè mú ìlérí ṣẹ."

Wọ́n bu gàrí gbígbóná sínú abọ́ fún mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, tíṣà. Àwọn ọmọ ń dúró dè yín."

Ẹ ni wọ́n pè mí. Tíṣà ni wọ́n pè mí, bí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ò mọ ara wa rí ṣe ń pè mí. Mo gbé abọ́ gàrí yẹn dé ilé-ìwé, mi ò lè fi kan ẹnu.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyí. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, Ooreolúwa ti sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ yín ló kàn. Wọ́n fẹ́ wádìí bóyá kí àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn máa dìbò láti ibẹ̀, ó sì ní ilé rẹ lòun máa wọ̀ sí. Gbà á lálejò. Fún un lóúnjẹ. Mi ò ní kí o bá mi bá a jà. Ṣùgbọ́n tó bá fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní kí o bá òun gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nígbà tí kò bá sí àlejò, sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kó ka ohun tó kọ sétí ẹni tó sọ ọ́. Tó bá fi ìka kan ilẹ̀, má rẹ́rìn-ín.

Èmi ti mọ ohun tí màá ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ́, kí wọ́n tó yan olórí tuntun, màá dìde láàárín wọn, màá ní èmi ni. Màá ní Eyínfúnjowó ò ta ẹnikẹ́ni fún àjèjì, ìyàwó wọn ni wọ́n finú hàn, ìyàwó wọn ló tú wọn síta. Múrítàlá ní kí n rò ó re, pé tí mo bá sọ ọ́, àwọn obìnrin ilé yìí ò ní bá mi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ mọ́. Mo ti rò ó. Eyínfúnjowó pàápàá lè bínú pé mo ba ìlérí wọn jẹ́. Kí wọ́n bínú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n máa pè mí ní tíṣà títí, ju kí ìlú máa pè wọ́n ní ohun tí wọn kì í ṣe.

Bá mi kí Hamid, kó máa fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ, àti gbogbo ará ilé tó bá béèrè mi ní Ajamé. Gàrí díẹ̀ wà lọ́wọ́ Sìdíkàt fún ọ. O mọ ẹni tó yan án.

Tí o bá ka lẹ́tà yìí tán, má ya á. Gbé e fún Ooreolúwa nígbà tó bá dé, kó kà á lójú rẹ. Mo ti kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ní kíkún, nítorí mi ò fẹ́ kí ó bá mi fi í pamọ́ mọ́.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ orí bẹ́ńṣì,

Wàlíyátù, aya Múrítàlá,
ìyàwó Eyínfúnjowó,
Ilé Jagun, Ifẹ̀-Ọ̀dàn.